Ilá Tó Di Ókírà Lẹ́yìn Odi

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé orúkọ tó bá wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á ni. Bí ọmọ Ràímì bá ti ìlú òkèèrè dé, tó ní kí ẹnikẹ́ni má pe òun ní Ràímì mọ́, pé Réímọ́ǹdì ni òun, ẹ óò rẹ́rìn-ín, ẹ óò ní, "Ṣebí orúkọ tó bá wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi," ẹ óò sì fi í sílẹ̀. Ẹ rò pé àwọn àgbà fi òwe náà gbè é lẹ́yìn ni. Àwọn àgbà wo? Àwọn tí èmi mọ̀ kì í gbè sẹ́yìn òmùgọ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Ilá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ilá ni mo wí. Ilá tí ẹ ń rẹ́ sínú ìkòkò lálaalẹ́, tó ń fà.

Obìnrin kan wà ní abúlé Òkè-Ìrókò, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Oko ilá ló ń dá, oko ilá ni ìyá rẹ̀ náà dá kó tó kú. Àwọn ọmọ tí Àwẹ̀ró ń bí kì í dúró. Wọ́n á ṣe bí ẹni tó fẹ́ jókòó, wọ́n á tún dìde, wọ́n á lọ. Nígbà tó wá bí ọkùnrin kan, tó wo inú ilé, tí kò rí aṣọ gbígbó kankan mọ́ tí wọ́n lè fi wé òkú ọmọ, ó gbé e lé itan, ó ní, "Àkìsàátán lorúkọ rẹ. Àkísà ti tán, kò sí èyí tí a óò fi sin ọ́. Bó o bá fẹ́ràn mi, jọ̀ọ́, dúró." Ọmọ náà sì dúró. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, nítorí ọmọ náà kò fi í sọ́kàn.

Ilá ni Àwẹ̀ró fi tọ́ ọ dàgbà. Àwọn ará Òkè-Ìrókò sì ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà jẹ ilá tí n kò tíì rí níbòmíràn. Bí ilá bá ń fà láti inú àwo títí dé ẹnu, àwa yòókù á máa fi ìka kejì gé e, tàbí kí á gbé àwo sábẹ́ àgbọ̀n kí á máa fi ẹnu lé e kiri. Àwọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á yí ọrùn ọwọ́ po wìrì, wọ́n á ju ìgúnpá síta díẹ̀, ilá á wé mọ́ òkèlè, á já, kò ní kán sí wọn láyà. Ọmọ tí kò tíì lè rìn níbẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ẹnikẹ́ni kì í kọ́ wọn, bó bá sì ti mọ́ wọn lọ́wọ́, ó mọ́ wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

Àkìsàátán dàgbà, ó ga, ó síngbọnlẹ̀, gbogbo ohun tó ní láyé náà nìyẹn. Kò fẹ́ràn oko. Kò fẹ́ràn bí ewé ilá ṣe ń yún ni lára. Ohun tó burú jù lójú rẹ̀ ni orúkọ rẹ̀, torí àwọn ọmọge odò máa ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀ bó bá ń kọjá. Nígbà tí réluwéè ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ìdí-Ọsàn, ìlú ńlá tí ènìyàn lè jí rìn láti abúlé wọn kí oòrùn tó kan àtàrí kó ti débẹ̀, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń wá iṣẹ́ lọ. Àwẹ̀ró sìn ín dé oríta, ó di ilá gbígbẹ fún un pé kó máa fi ṣe ọbẹ̀ títí yóò fi rí ibi jókòó. Bí ìyá ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó ju ilá náà sígbó.

Odi Ìdí-Ọsàn kò tíì wó tán nígbà náà, oníbodè sì ń jókòó lẹ́nu ọ̀nà tó ń bi àlejò ní orúkọ.

"Ta ni ọ́?" oníbodè bi í.

Àkìsàátán wo ẹ̀yìn. Kò rí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Adéwùsì."

"Adé kẹ̀? Ṣé ọmọ ọba ni ọ́ ni?"

Kò tíì rò ó débẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀, ó sì na ọrùn sókè. "Ọmọ ọba ni mí. Láti òkè odò lọ́hùn-ún."

"Odò wo?"

"Èyí tó jìnnà."

Ni oníbodè, àgbàlagbà tó ní ewú lórí, bá dọ̀bálẹ̀ fún un. Irọ́ tí àgbà bá ti dọ̀bálẹ̀ fún, ta ni yóò tún ní kó dúró? Èmi kò ní bá a pe ara rẹ̀ ní Adéwùsì o. Àkìsàátán ni n óò máa pè é títí n óò fi parí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá ń gbọ́ mi níbi tó wà, kó máa bínú.

Ilé tó kọ́kọ́ wọ̀ sí, ọbẹ̀ ilá ni wọ́n gbé fún un. Òórùn rẹ̀ wọ̀ ọ́ nímú, itọ́ kún ẹnu rẹ̀. Ó ti nawọ́, ó ti bu òkèlè, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti fẹ́ yí, ló bá rántí pé àwọn obìnrin Òkè-Ìrókò ń gbé ilá wá tà ní ìlú yìí, àti pé kò sẹ́ni tí kò mọ ọwọ́ wọn. Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó.

"Ẹ gbé e kúrò," ó ní. "Èèwọ̀ ilé wa ni. Bí ọmọ ọba ilé wa bá fi ilá kan ètè, ara rẹ̀ á wú, á sì bẹ́."

Ẹnikẹ́ni kò bi í léèrè èèwọ̀. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ gba oúnjẹ kúrò lẹ́nu ara rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá ń se ilá nílé kan, wọ́n á ránṣẹ́ sí i pé kó má gba ibẹ̀ kọjá. Ní alẹ́ ni yóò máa dùbúlẹ̀ tí yóò máa rò ó, ilá tútù tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, irú wooro, ẹja gbígbẹ. Ìyà tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ rà ni. N kò ní bá a sunkún.

Ó ríṣẹ́ nílé òyìnbó tó ń ṣọ́ réluwéè. Àwo oúnjẹ ló ń gbé láti ilé ìdáná dé iwájú òyìnbó, tó sì tún ń gbé e padà. Nígboro, ohun tó ń sọ ni pé òun àti òyìnbó jọ máa ń wà nídìí tábìlì kan náà. Kò kúkú parọ́. Ọ̀kan jókòó, ọ̀kan dúró.

Kúkù òyìnbó náà ń jẹ́ Námánì, ará òdìkejì Odò Ọya, géńdé tó sanra, ohùn rẹ̀ ròkè, tó gbà pé bí kì í bá ṣe ọbẹ̀ òun, réluwéè kò ní lè rìn. Lọ́jọ́ kan, Námánì gbé nǹkan tútù kan lé orí àwo, ó ní kó gbé e lọ.

"Kí nìyí?"

"Ókírà. Òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀."

Àkìsàátán wò ó. Ilá ni. Ilá tí wọ́n fi omi àti iyọ̀ sè, kò ní irú, kò ní ata, ó kàn dùbúlẹ̀ síbẹ̀ tàánútàánú. Nígbà tí òyìnbó jẹ ẹ́ kù, ó gbé àwo sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó fi ahọ́n lá a mọ́, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti gba ara rẹ̀ nímọ̀ràn. Ó ní ilá ni èèwọ̀ òun. Èyí kì í ṣe ilá, ókírà ni. Òyìnbó ló ń jẹ ẹ́, orí tábìlì ló wà, orúkọ rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹ wo bí ebi ṣe ń sọ ènìyàn di lọ́yà.

Ó di oníwàásù ókírà. Ibi tí àwọn ènìyàn bá ti pé jọ, ẹ óò bá a níbẹ̀. Á ní ọgbà ọba òyìnbó ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìn ín, pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé. Á ní orúkọ náà ní ìtumọ̀: oúnjẹ ẹni tó ń jókòó lórí àga. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìtumọ̀ náà ti di ìka ọwọ́ ọmọbìnrin ọba. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn onígbàgbọ́, ó ní inú Bíbélì ló ti jáde, kò kàn rántí ojú ìwé rẹ̀ ni. Wọ́n ń mi orí. Ó bá Námánì nínú ilé ìdáná lójoojúmọ́, kò sì bi í léèrè ibi tí orúkọ náà ti wá rí. Kí ni kúkù mọ̀? Ẹni tó ti òdìkejì Ọya wá, ta ló ń bi í ní èdè òyìnbó?

Ẹ wá gbọ́ èyí. Námánì kì í gbin ilá. Ó ń rà á ni, lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé e wá sẹ́yìn ilé ìdáná láti Òkè-Ìrókò. Àwẹ̀ró ni. Bí Àkìsàátán bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, á sá lọ sí yàrá iwájú, á mú àwo kan, á máa nù ún, á máa nù ún, títí ohùn náà yóò fi dákẹ́. Àwẹ̀ró á sì bi Námánì ohun kan náà nígbà gbogbo kó tó gbé agbọ̀n rẹ̀: "Kúkù, ṣé ẹ ò gbúròó ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àkìsàátán?" Námánì á ní òun kò gbọ́ orúkọ bẹ́ẹ̀ rí. Òun náà kò mọ̀ pé ẹni náà wà lẹ́yìn ògiri.

Nínú gbogbo ìranù yìí, ohun kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́, èmi náà kò sì ní fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Àkìsàátán fẹ́ràn Ṣẹ́gilọlá. Ọmọ Baba Láníyọnu ni, ẹni tó ń ta epo pupa ní àgbá ńlá ńlá. Ọmọbìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ènìyàn bá ń bá a sọ̀rọ̀, á tẹjú mọ́ ọn títí onítọ̀hún yóò fi sọ̀rọ̀ tán, òpùrọ́ kì í fẹ́ràn irú ojú bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, bí Àkìsàátán kò bá rí i lọ́jọ́ kan, àárẹ̀ ni. Ó ti pinnu pé bí òun kò bá fẹ́ Ṣẹ́gilọlá, òun kò ní fẹ́ ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ kan, Ṣẹ́gilọlá bi í: "Ẹ máa ń sọ ti bàbá yín tó jẹ́ ọba. Ẹ kì í sọ ti ìyá yín. Ṣé wọ́n wà?"

"Ìyá mi wà láàfin," ó ní. "Wọn kì í jáde."

Ṣẹ́gilọlá wò ó.

Baba Láníyọnu ní tirẹ̀ ti gbà. Ta ni kò fẹ́ fi ọmọ fún ọmọ ọba? Ó ku ohun kan. Ní ilé Láníyọnu, kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìgbéyàwó, àna tuntun gbọ́dọ̀ bá àwọn àgbà ilé jẹun lórí ẹní kan, nínú àwo kan. Wọ́n ní ẹni tí a kò bá ti bá fọwọ́ kan ọbẹ̀, a kò lè fi ọmọ lé e lọ́wọ́. Baba Láníyọnu ṣe inú rere, ó fẹ́ fún ọmọ ọba ní ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ó lọ bá Námánì ní ìkọ̀kọ̀, ó ní, "Wá se ókírà fún wa. Sè é kó pọ̀. Fi irú sí i, fi ẹja sí i, kó dùn bíi ti ilé." Námánì ránṣẹ́ sí Àwẹ̀ró pé kó máa kó ilá bọ̀ tààrà ní ilé elépo, agbọ̀n kan ní ọjọ́ tó ṣáájú àsè, òmíràn ní ọjọ́ àsè gan-an.

Ọjọ́ pé. Ẹní ti tẹ́ sílẹ̀, àwọn àgbà ti jókòó, Àkìsàátán wọ agbádá tó yá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n gbé iyán wá, ó funfun. Wọ́n ṣí ìkòkò ọbẹ̀.

Ìyá Agbélé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Baba Láníyọnu ni, arúgbó tó mọ èèwọ̀ ilé gbogbo ní ìlú náà ju bí àwọn onílé ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ó na ọrùn, ó ní, "Láníyọnu, àbí ojú mi ni? Ilá rèé."

"Ókírà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Oúnjẹ òyìnbó ni."

"Ilá ni."

Gbogbo ojú yí sí Àkìsàátán. Òun kò tilẹ̀ gbọ́ wọn dáadáa. Òórùn irú ti wọ̀ ọ́ lórí. Ó rẹ́rìn-ín bí ọmọwé, ó ní, "Ìyá mi, ẹ má jẹ́ kí ó rú yín lójú. Ilá ń fà bí ará oko. Ókírà ń fà bí ọ̀làjú. Ẹ wò ó." Ó bu òkèlè, ó tì í bọ inú ọbẹ̀, ó gbé e sẹ́nu.

Ọwọ́ rẹ̀ sì yí wìrì. Ìgúnpá rẹ̀ lọ síta. Ilá já.

Ṣẹ́gilọlá, tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omi ìfọwọ́, rí i. Àkìsàátán kò mọ̀ pé òun ṣe nǹkan kan. Ó bu èkejì, ó bu ẹ̀kẹta, ó ń jẹun bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀, ó ti gbàgbé pé àna ni òun.

"Yéè!" Ìyá Agbélé figbe ta. "Ó ti jẹ èèwọ̀ ilé baba rẹ̀! Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ti ń wú!"

Iyán ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe wí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹnu kún? Kó tó gbé e mì, àwọn ọkùnrin ilé ti dì í mú lápá lẹ́sẹ̀.

"Kì í ṣe ilá!" ó pariwo. "Ókírà ni! Èdè òyìnbó ni! Ẹ bi kúkù!"

Wọ́n pe Námánì wọlé. Ó káwọ́ lé orí ikùn rẹ̀. "Ta ló ní èdè òyìnbó ni?" ó ní. "Ọ̀rọ̀ ilé wa ni. Ọ́kùrù ni ìyá mi ń pè é, ọ́kùrù ni ìyá ìyá mi ń pè é. Ẹnu wa ni òyìnbó ti gbọ́ ọ, kò lè pè é dáadáa, ló bá ní ókírà. Ẹ̀yin sì ń pè é ní ilá. Ohun kan náà ni. Mo rò pé gbogbo ènìyàn mọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí Àkìsàátán ti túmọ̀ kiri ìgboro, láti orí àga ọba dé inú Bíbélì, inú ìkòkò ìyá Námánì ló ti wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọkùnrin tó bá lọ́gbọ́n ì bá ti jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ní ilá kì í ṣe èèwọ̀ òun, wọ́n á ní kí ló dé tó fi parọ́ mọ́ ilé baba rẹ̀. Bí ìyẹn bá sì tú, Adéwùsì tú, Ṣẹ́gilọlá lọ. Ó pa ẹnu mọ́. Ìyá Agbélé sì rò pé èèwọ̀ ló dí i lẹ́nu.

"Epo!" arúgbó náà ní. "Ẹ rọ epo sí i lọ́nà ọ̀fun kó bì í jáde!" Ilé elépo ni wọ́n wà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé epo kò lè wọ́n wọn. Wọ́n rọ ọ́, ó bì, wọ́n tún rọ ọ́. Wọ́n fi ìyókù pa á lára kí awọ rẹ̀ má baà bẹ́. Ìyá Agbélé tún ní aṣọ tí ènìyàn bá wọ̀ jẹ èèwọ̀ kò gbọdọ̀ gba orí rẹ̀ bọ́, wọ́n gbọ́dọ̀ ya á ni. Wọ́n ya agbádá oní-agbádá, wọ́n ya bùbá, ó ku ìrépé ìrépé lára rẹ̀. Ó tún ní kí wọ́n fá orí rẹ̀. Ó ń jà pìtìpìtì lábẹ́ abẹ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n tíì rí fá.

"Ẹ ránṣẹ́ sí ààfin baba rẹ̀," Baba Láníyọnu ń wí, ẹkún sì wà lóhùn rẹ̀. "Ẹ ní kí wọ́n wá wo ọmọ wọn. Odò wo ló ní ìlú wọn wà? Ta ló rántí odò náà?"

Ìgbà yẹn gan-an ni Àwẹ̀ró wọlé, agbọ̀n ilá kejì lórí rẹ̀.

Ó wo ọkùnrin tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, tí epo bò, tí wọ́n ti fá ìdajì orí rẹ̀. Ìyá kì í ṣi ọmọ rẹ̀ mọ̀. Agbọ̀n mì lórí rẹ̀.

"Àkìsàátán?" ó ní. "Ọmọ mi! Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Àkìsàátán wo ìyá rẹ̀. Ó wo Ṣẹ́gilọlá lẹ́nu ọ̀nà. Ó sì ní, "N kò mọ obìnrin yìí rí."

Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Obìnrin tó fi orúkọ dè é mọ́lẹ̀ láyé, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ.

Àwẹ̀ró sọ agbọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ojú rẹ̀ lọ sí ara àwọn ènìyàn, ó rí ẹní, ó rí ọmọge tó mú omi dání, ó sì yé e. "Ẹ má bínú," ó ní. "Àgbà ti ń dé, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Ó jọ ọmọ mi kan ni." Ló bá kúnlẹ̀, ìyá kúnlẹ̀ níwájú ọmọ tó bí, ó ní, "Ẹ forí jì mí, ọmọ ọba."

Ìyá Agbélé ní ó tó, kí wọ́n fá ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwẹ̀ró dìde láti máa lọ.

"Màmá, ẹ jókòó," Ṣẹ́gilọlá ní. "Ẹni tó ru ẹrù wá sílé wa kì í lọ láìjẹun."

"Má ṣèyọnu, ọmọ mi. Ọ̀nà jìn."

"Ìdí tí ẹ ó fi jẹun nìyẹn." Ó bu iyán, ó bu ilá lé e, ó da omi sí i lọ́wọ́ fúnra rẹ̀. Àwẹ̀ró kò fẹ́. Ṣùgbọ́n láti àfẹ̀mọ́júmọ́ ló ti ń rìn, ebi sì ń pa á. Ó fi etí ìró nu ojú, ó bu òkèlè, ó tì í bọ ọbẹ̀.

Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ yí wìrì. Ìgúnpá rẹ̀ lọ síta. Ilá já.

Ẹni tó di ẹsẹ̀ Àkìsàátán mú fi í sílẹ̀. Ẹni tó mú abẹ dání gbé e kalẹ̀. Ìyá Agbélé la ẹnu, kò rí nǹkan sọ, èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ilé náà. Ìyá ti parọ́ tán láti fi bo ọmọ láṣìírí, ọwọ́ rẹ̀ kò bá a parọ́.

Baba Láníyọnu wo ọwọ́ kan, ó wo ọwọ́ kejì. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ọmọkùnrin yìí ń jẹ́?"

Àwẹ̀ró gbé òkèlè mì. Kò yára. "Ẹ bi òun fúnra rẹ̀, Bàbá," ó ní. "Orúkọ tó bá wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Ẹ wo ilá mi yìí. Lóko mi, ilá ni. Ó dé ọ̀dọ̀ kúkù, ó di ọ́kùrù. Ó dé iwájú òyìnbó, ó di ókírà. N ò bá a jà. Ṣùgbọ́n ẹ ti jẹ ẹ́, ṣé kò fà ni?"

Ṣẹ́gilọlá gbé omi ìfọwọ́ kalẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọra, kò pe ọkùnrin náà ní "ìwọ" rí. "Ìwọ," ó ní, "dìde. Lọ sí ibodè. Jáde sẹ́yìn odi, kó o tún wọlé. A fẹ́ gbọ́ orúkọ tó o máa dá."

Wọ́n tẹ̀ lé e lọ, gbogbo ilé, Námánì náà kò kẹ́yìn. Oníbodè ọjọ́sí ló ṣì wà níbẹ̀. Ó rí ọkùnrin tí epo ń kán lára rẹ̀, tí ìdajì orí rẹ̀ ń dán, tí ìrépé aṣọ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ nídìí rẹ̀.

"Ta ni ọ́?"

Àkìsàátán wo ẹ̀yìn. Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n ló dúró síbẹ̀. Ó wo ilẹ̀.

"Àkìsàátán," ó ní. "Ọmọ Àwẹ̀ró onílá, ará Òkè-Ìrókò."

Oníbodè wò ó láti òkè délẹ̀. "Ta ló ní àkísà tán? Èyí tó wà lára rẹ yìí ńkọ́?" Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ojú rẹ̀ yí padà, ó ti dá a mọ̀. "Dúró ná! Adéwùsì kọ́ nìyí? Ìdọ̀bálẹ̀ tí mo ṣe fún ọ lọ́jọ́sí dà? Dá a padà!"

Àkìsàátán dọ̀bálẹ̀ fún oníbodè. Bó ti dìde, ó rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀, eruku ọ̀nà sì bò ó. Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní kó dìde. Àwẹ̀ró ló bẹ̀rẹ̀, tó fi ìró rẹ̀ nu epo kúrò lójú rẹ̀. Èmi ì bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo bí i.

Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá Ṣẹ́gilọlá fẹ́ ẹ. Ó ní ọ̀wẹ̀ tó yẹ kí àna wá ṣe lóko bàbá òun, kó lọ ṣe é lóko ilá ìyá rẹ̀, kí ewé ilá yún un dáadáa, kí òun tó mọ èsì tí òun yóò fọ̀. Ó lọ. Ó ro ó, ó ká a, òun ló sì ń ru agbọ̀n wọ ìlú, tí ìyá rẹ̀ ń rìn níwájú. Bó bá dé ibodè, oníbodè á bi í léèrè orúkọ lójoojúmọ́, á ní òun ti gbàgbé, á ní kó tún un sọ kó ròkè. Nígbà tó yá, Ṣẹ́gilọlá fẹ́ ẹ. Kí ló rí lára rẹ̀, òun ló mọ̀. Wọ́n jẹ ilá níbi ìgbéyàwó náà, Ìyá Agbélé sì jẹ ju gbogbo wọn lọ.

Nítorí náà, bí ọmọ Ràímì bá tún dé, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ Réímọ́ǹdì. Orúkọ tó bá wu ni là ń jẹ́ lẹ́yìn odi. Ẹ ṣáà se ilá fún un, kí ẹ sì máa wo ọwọ́ rẹ̀.